Ìgbàgbé Àgbà Kì í Ṣe Àjẹ́



Ní 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọn arúgbó Ìdíkàn wò. Ẹlẹgbẹ́ wọn ń yẹ àwọn aláwọ̀ dúdú wò ní Indianapolis, Amẹ́ríkà. Èsì 2001 fi hàn pé iye tí àrùn ìgbàgbé ń mú lọ́dọọdún ní Ìdíkàn kò tó ìdajì ti Indianapolis. Àbùdá àjogúnbá tí ń fa àrùn náà lọ́hùn-ún kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lára tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru ń dá kún un. Ẹ jẹ́ kí a máa lọ yẹ ẹ́ wò.

Ìyá arúgbó tí ó gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀ kì í ṣe àjẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rẹ̀ ni ó ń kú. Ẹ má ṣe lé e síta.