Yàrá Àfikún Lórí Òpó

Ní etíkun Ìlàjẹ, orí òpó ni ọ̀pọ̀ ilé dúró lé nínú omi. Ẹni tí yóò fi yàrá kún irú ilé bẹ́ẹ̀ a kọ́kọ́ wádìí bí òpó àtijọ́ ti jìn tó.

Python, èdè kọ̀ǹpútà tí Guido van Rossum gbé jáde ní 1991, ní yàrá àfikún tirẹ̀. Iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ìyára ni wọ́n ń fi èdè C kọ, tí kọ̀ǹpáílà ń sọ di èdè ẹ̀rọ. Àṣẹ tí wọ́n fún kọ̀ǹpáílà ni òpó rẹ̀.

Python a máa rántí àṣẹ tí wọ́n fi kọ́ òun fúnra rẹ̀, a sì tún un pa fún àfikún. Ìrántí yìí fa wàhálà ní oṣù kẹta 2014: kọ̀ǹpáílà inú Xcode 5.1 ti Apple kọ àṣẹ àtijọ́ kan, -mno-fused-madd, àfikún púpọ̀ kò sì ṣeé kọ́ lórí Mac àfi bí ènìyàn bá fọwọ́ yí àṣẹ padà.

Ewu kan tún wà tí ó fara sin jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òkìtìpupa bá pàṣẹ -march=native, gbogbo agbára kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni kọ̀ǹpáílà yóò lò. Bí ó bá wá gbé àfikún náà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé-ìwé kan ní Ayétòrò, kọ̀ǹpútà tí ó gbó níbẹ̀ lè kọ «Illegal instruction» sójú, kí iṣẹ́ sì dúró. -march=x86-64 ni kí ó fi sínú CFLAGS; àfikún lè falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo kọ̀ǹpútà Intel àti AMD oníbíìtì 64 ni yóò gbọ́ ọ. Kí ó sì pa àpò build àtijọ́ rẹ́ ná, nítorí bí ìwé C kò bá yí padà, setuptools lè gbé iṣẹ́ àná fún un bí ẹni pé tuntun ni.