Bíréèkì Tí Ó Mú Tí Kò Tú

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Nígbà tí ọdún bá ń sún mọ́lé, ọkàn àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ní Jos, ní Bukuru àti ní gbogbo agbègbè òkè Plateau a máa fà sí Ìbàdàn, sí Ọ̀wọ̀ àti sí Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n kí àwa tí a ń gba ọ̀nà Akwanga tó dé ọ̀hún, a ní láti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Hawan Kibo, níbi tí ọ̀nà ti rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ó sì kún fún kọ́nà. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ bíréèkì lónìí.

Gbogbo wa ni a ń bẹ̀rù bíréèkì tí kì í mú. Èyí tí ó mú tí kò tú ni a kì í kà sí. Ní ọdún kan tí à ń múra ìrìn-àjò, a ṣàkíyèsí pé ọkọ̀ wa ń fà sí apá ọ̀tún, pé epo rẹ̀ ń tètè tán, àti pé òórùn ohun tí ń jó ń ti ara ẹsẹ̀ iwájú jáde. Irin àárín táyà náà gbóná débi pé a kò lè gbé ọwọ́ sún mọ́ ọn. Oníṣẹ́ kan ní kí a kàn dí ọ̀nà tí epo bíréèkì ń gbà dé ẹsẹ̀ náà, kí a sì máa lọ. Ìkánjú ni ó mú wa gbà. Nígbà tí a tẹ bíréèkì ní Hawan Kibo, ẹsẹ̀ òsì nìkan ni ó mú níwájú, ó sì gbé wa bọ́ sí ojú ọ̀nà àwọn tí ń gòkè bọ̀. Bí ó bá ṣe pé tírélà wà níbẹ̀ ni, kì bá tí í ṣe àwa ni à ń bá yín sọ̀rọ̀.

A rọra yí padà sílé. Ní ọjọ́ kejì, a tún un ṣe ní àgbàlá wa, arákùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ mẹkáníìkì sì ń tọ́ wa sọ́nà. Ohun tí a kọ́ nìyí.

Kálípà ni irin tí ó há díìsì mọ́ra bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Bí a bá tẹ bíréèkì, epo a ti pístìn inú rẹ̀, pístìn a sì ti páàdì mọ́ díìsì. Bí ìpẹtà bá wọlé, pístìn kò ní lè padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n kí a tó ra òmíràn, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tí ó jẹ̀bi. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì, kí ó sì fi í sílẹ̀. Bí táyà kò bá yí, ẹ dẹ nọ́ọ̀tì kékeré tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ jáde lára kálípà. Bí epo bá ta jáde tí táyà sì yí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé rọ́bà tí epo ń gbà kọjá ni ó dí nínú. Bí kò bá yí síbẹ̀, kálípà ni ẹ ó wò.

Orí ilẹ̀ títẹ́jú tí ó le ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹ fi òkúta dènà táyà ẹ̀yìn. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan láéláé. Ẹ fi ẹsẹ̀ irin tí ó lágbára gbé ọkọ̀ dúró. Búlọ́ọ̀kù kò tó, nítorí ó lè fọ́ lójijì. Kálípà ọ̀tún yàtọ̀ sí ti òsì: nọ́ọ̀tì tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wà lókè, nítorí òkè ni afẹ́fẹ́ ń lọ. Ẹ fi wáṣà bàbà tuntun sí ibi tí rọ́bà ti wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ páàdì ní ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì.

Lẹ́yìn èyí, kí ẹnì kan tẹ bíréèkì, kí ẹnìkejì tú nọ́ọ̀tì. Ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ títí a ó fi dé nọ́ọ̀tì padà. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí epo yóò fi jáde láìní ìfóófò, ẹ má sì jẹ́ kí epo inú agolo òkè gbẹ. Epo bíréèkì tuntun, irú èyí tí a kọ sára ìdérí agolo náà, ni kí ẹ lò. Epo ẹ́ńjìnnì yóò ba gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan, ẹ tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le lábẹ́ ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ dán an wò nínú àgbàlá.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí kò bá dá a lójú, kí ó gbé e fún oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kí ó dúró tì í. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ dí ọ̀nà epo, ẹ kọ̀ fún un. Ẹ má ṣe fi í di alẹ́ ọjọ́ tí ìrìn-àjò kù sí ọ̀la. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn tí ń retí wa nílé kò ní bínú bí a bá pẹ́ ní ọjọ́ kan. Ohun tí wọ́n ń wò lójú ọ̀nà ni kí a dé.

Kí àlọ àti àbọ̀ wa ó jẹ́ ti àlàáfíà.