Aró Inú Ẹ̀jẹ̀: Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Dá Kòkòrò Ibà Mọ̀

Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ kí á ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gún aláìsàn níka, wọ́n á tẹ́ ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n á sì fi aró tí à ń pè ní Giemsa rẹ ẹ́, kí kòkòrò ibà lè yọ ní àwọ̀ àlùkò. Ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò á wá tẹjú mọ́ máíkírósíkóòpù. Ó ní láti yẹ àyè 100 wò lórí gíláàsì náà kó tó lè sọ pé ẹ̀jẹ̀ náà mọ́. Ojú a máa rẹ ènìyàn. Ní Nàìjíríà, níbi tí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ibà àgbáyé ti ń ṣẹlẹ̀, gíláàsì kì í tán lórí tábìlì.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá wa wò ó. Nọ́ńbà lásán ni àwòrán lójú kọ̀ǹpútà. Ètò tí à ń lò á fi fèrèsé kékeré kan gba orí àwọn nọ́ńbà náà kọjá: á kọ́kọ́ rí etí nǹkan, lẹ́yìn náà ìrísí rẹ̀. A kì í ṣàpèjúwe kòkòrò fún un. Àwòrán la fi ń hàn án. Bó bá ṣì í, a ó tún nọ́ńbà inú ètò náà ṣe díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún 2012, àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta, Krizhevsky, Sutskever àti Hinton, ní Yunifásítì Toronto fi ọ̀nà yìí borí nínú ImageNet, ìdíje tí kọ̀ǹpútà ti ń dá ohun inú àwòrán mọ̀: àṣìṣe tiwọn jẹ́ 15.3 nínú 100, ti ẹni tó tẹ̀ lé wọn jẹ́ 26.2.

Ní ti ibà, àkójọ kan tí ọ̀pọ̀ olùṣèwádìí ń lò ní àwòrán sẹ́ẹ̀lì 27,558, ìdajì ní kòkòrò, ìdajì kò ní. Chittagong ní Bangladesh ni ẹ̀jẹ̀ náà ti wá. Ibí gan-an ló ń ká mi lára. Ẹ bi aláró Abẹ́òkúta, yóò sọ fún yín pé aró ìkòkò méjì kì í rí bákan náà. Giemsa náà rí bẹ́ẹ̀. Bí omi tí a fi pò ó bá kan jù, ẹ̀jẹ̀ á pupa jù, kòkòrò á sì farasin. Ètò tó mọ aró ibì kan ṣoṣo lè pe ìdọ̀tí aró ibòmíràn ní kòkòrò.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un, torí mo ń rí i nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́: wọ́n á pín sẹ́ẹ̀lì aláìsàn kan ṣoṣo sí méjì, wọ́n á fi apá kan kọ́ ètò, wọ́n á fi èkejì dán an wò. Máàkì á ga gan-an, nítorí ẹ̀jẹ̀ ẹni yẹn lètò mọ̀. Aláìsàn ni kí ẹ pín, ẹ má pín sẹ́ẹ̀lì.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí: kí àwọn ilé ìwòsàn wa má máa fọ gíláàsì nù kí a tó ya àwòrán rẹ̀. Kí a yọ orúkọ aláìsàn kúrò, kí a kọ omi tí a lò àti ọjọ́ tí a po aró sílẹ̀. Kí ènìyàn méjì wo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ọ̀rọ̀ wọn kò bá ti ṣọ̀kan, kí a pe ẹnì kẹta.