Fífi Ẹsẹ̀ Rìn ní Lọ́kọ́jà

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ èrò ọkọ̀ tí ń ti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí Àbújá ni ó ń gba Lọ́kọ́jà kọjá láìsọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rin ìlú náà ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, ni yóò mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá sì kí àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀, yóò gbọ́ èdè tí ó bá tirẹ̀ tan.

Etí omi ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé gbé pàdé. Ní 1841 àwọn òyìnbó gba ilẹ̀ nítòsí ibẹ̀ láti dá oko àwòṣe. Àìsàn ibà kò jẹ́ kí oko náà pẹ́. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a ti kó lẹ́rú rí, wà nínú ìrìn-àjò náà. Baikie ni ó padà wá tẹ ìlú àti ọjà dó ní nǹkan bí 1860.

Láti ibẹ̀, kí ó gba àárín ìlú lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Holy Trinity. Irin méjì wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Irin Òmìnira. Irin lásán ni lójú ẹni tí kò mọ ìtàn, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni a ti ń dá àwọn ẹrú sílẹ̀. Bí àyè bá há fún ènìyàn, kí ó fi ibi yòókù sílẹ̀, kí ó má fi èyí sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni gígun Òkè Pàtí. Kí ó mú omi mímu lọ́wọ́. Ilé ìsinmi Lugard wà ní orí rẹ̀, àwọn afinimọ̀nà a sì máa sọ pé níbẹ̀ ni Flora Shaw ti ro orúkọ Nàìjíríà. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ni obìnrin náà ti dá orúkọ yìí lábàá ní Oṣù Kìíní 1897, ọdún márùn-ún kí ó tó fẹ́ Lugard.

Láti orí òkè yìí ni a ti ń rí omi méjèèjì tí wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọ̀ wọn kò bára mu. Omi yìí kan náà ni ó bo àwọn àdúgbò etí odò mọ́lẹ̀ ní 2012, tí ó tún bò wọ́n ní 2022, tí àwọn onílé kó ẹrù wọn lé orí. Ilé àtijọ́ tí omi bá wó, bí a bá tilẹ̀ tún un kọ́, kì í rí bí ti ìṣáájú mọ́. Nítorí náà kí ẹni tí ó fẹ́ lọ má ṣe jáfara; ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù, nítorí Oṣù Kẹsàn-án àti Oṣù Kẹwàá ni odò máa ń kún.