Ajílẹ̀ Òyìnbó Nínú Oko Ẹ̀fọ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kò jìnnà sí ìkòkò ọbẹ̀. Ta ni nínú wa tí kì í jẹ ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti inú àkùrọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá sí ọjà. Àwọn tí ń gbìn wọ́n sì mọ̀ pé bí a bá fọ́n yúríà sí wọn, kì í pẹ́ tí ewé fi ń dúdú minimini.

Náítírójìn ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó kún inú afẹ́fẹ́ tí a ń mí, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kò lè mú un níbẹ̀. Ní 1909 ni Fritz Haber, ará Jámánì, fi hàn bí a ti lè so ó pọ̀ mọ́ háídírójìn. Ní 1913 ilé iṣẹ́ ńlá ti ń ṣe é ní Oppau. Lónìí, gáàsì inú ilẹ̀ ni a fi ń ṣe é ní Eleme, àti ní Lẹ́kí, níbi tí a ti ṣí ilé iṣẹ́ Dangote ní 2022.

Ṣùgbọ́n ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú oko ni a fẹ́ dúró lé lórí. Gbòǹgbò kì í mu gbogbo ajílẹ̀ náà. Díẹ̀ a fò lọ bí òórùn tí ń ta ni nímú. Òmíràn a bá omi lọ sínú odò àti kànga. Nínú èyí tí ó kù, àwọn ẹ̀dá tín-ín-tín tí ojú kò lè rí a sọ díẹ̀ di afẹ́fẹ́ tí à ń pè ní náítírọ́ọ̀sì ọ́kísáìdì, pàápàá nígbà tí ilẹ̀ bá rin gbingbin tí atẹ́gùn kò sì ráyè wọ inú rẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni àkùrọ̀. Afẹ́fẹ́ yìí a máa pẹ́ lókè ju 100 ọdún lọ. Bí a bá fi 100 ọdún ṣe òṣùwọ̀n, kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó kílò 273 kábọ́ọ̀nù dàyọ́kísáìdì, èyí tí ń jáde nínú èéfín.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Nínú àpò yúríà kílò 50, kílò 23 ni náítírójìn. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ gbogbo ayé ń lò ni pé ìdá kan nínú 100 rẹ̀ ni yóò bá afẹ́fẹ́ yìí lọ. Ìdá kan kò tó nǹkan létí. Síbẹ̀, nígbà tí ìṣirò bá parí, àpò kan ṣoṣo dọ́gba pẹ̀lú nǹkan bí kílò 99 kábọ́ọ̀nù dàyọ́kísáìdì, láìka èéfín ilé iṣẹ́ mọ́ ọn.

A kò wí pé kí olóko sọ àpò rẹ̀ nù. Ní Abuja ní 2006, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pinnu láti gbé ajílẹ̀ kúrò ní kílò 8 lórí hẹ́kítà kan dé 50, nítorí ebi, ìpinnu náà kò sì burú. Ṣùgbọ́n olóko ẹ̀fọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ olóko àgbàdo tí kò rí ajílẹ̀ rà. Òun a máa fọ́n ọn léraléra, a sì tún da ìgbẹ́ adìẹ lé e (owó ẹ̀fọ́ yá, ẹ̀yin tí ẹ ń nájà mọ̀ bẹ́ẹ̀). Náítírójìn wà nínú ìgbẹ́ adìẹ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ti lò ó, kí ó dín yúríà kù. Kí ó fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó fi erùpẹ̀ bò ó, kí ó má sì fọ́n ọn nígbà tí òjò ńlá bá ṣú. Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó pín ilẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà méjì, kí ó fi ìdajì ìwọ̀n tí ó ń lò sí apá kan, kí ó sì gbé ẹ̀fọ́ apá méjèèjì lé òṣùwọ̀n ní ọjọ́ ìkórè.