Ẹgbẹ́ Wo Ló Jẹ́ ti Bàbá Mi?

Nílé wa ní Ìbẹfun, UPN ni Bàbá mi dìbò fún ní 1979, AD ni ní 1999. Ọmọ Awólọ́wọ̀ ni wọ́n. Wọn kì í bèèrè ẹni tí ẹgbẹ́ fà kalẹ̀.

Ní 2003, AD ò fa olùdíje ààrẹ kalẹ̀; àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní ká ti Ọbásanjọ́ ti PDP lẹ́yìn. Ẹni tó bá ti tẹ̀ka fún abùradà lẹ́ẹ̀kan, ṣebí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀nà! Èkó nìkan ló ṣẹ́kù sọ́wọ́ AD. Ní Ògùn, Gbénga Daniel ti PDP borí Ọṣọba.

Ní 2023, Daniel yìí kan náà di sẹ́nétọ̀ wa lábẹ́ APC, ẹgbẹ́ onígbálẹ̀. (Mi ò bú ẹnikẹ́ni o.) Lọ́jọ́ ìbò náà, Bàbá jókòó sílé. Wọ́n ní àwọn ò mọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ tàwọn mọ́. Ẹ̀yin olóṣèlú àárín wa, kí ni kí n sọ fún wọn?