Oògùn Tí Kì Í Pa Kòkòrò, Tó Kàn Ń Gba Ohun Ìjà Lọ́wọ́ Ẹ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, ìgbẹ́ gbuuru ń dà mí láàmú, oògùn apakòkòrò wo ni kí n lò?" Kò sọ ohun tó jẹ, kò sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ká ṣáà ti pa kòkòrò. Mi ò bá a wí, torí èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ ó jẹ́ kí n ronú: ṣé dandan ni ká pa kòkòrò kó tó fi wá lọ́rùn sílẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú onígbáméjì, ìyẹn kọ́lẹ́rà. Vibrio cholerae ni bakitéríà tó ń fà á. Tó bá wọ ìfun èèyàn, á yọ àwọn nǹkan bí irun tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń so mọ́ra wọn, kí ìfun má baà gbá wọn dànù. Lẹ́yìn náà, á tú oró sílẹ̀. Oró yẹn ló ń jẹ́ kí ìfun máa da omi ara jáde, débi pé èèyàn lè gbẹ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: kòkòrò yẹn ò jẹ ẹran ara wa. Oró ẹ̀ ló ń pani.

Pírótéènì kan tó ń jẹ́ ToxT ló dà bíi ṣíwíṣì tó ń tan irun yẹn àti oró yẹn. Ní 2005, Deborah Hung, John Mekalanos àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Harvard ròyìn pé àwọn yẹ kẹ́míkà bí 50,000 wò, àwọn sì rí ọ̀kan tó ń pa ṣíwíṣì náà. Virstatin ni wọ́n pè é. Kò pa bakitéríà yẹn, ṣe ló ń pọ̀ sí i nínú ìgò bó ṣe ń ṣe. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fún àwọn ọmọ eku ní virstatin, kòkòrò náà ò ráyè tẹ̀dó sínú ìfun wọn.

Kí ló dé tí èyí fi dùn mọ́ mi? Oògùn apakòkòrò kì í mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ó ń pa bakitéríà rere inú ìfun wa náà, èyí tó bá sì yè á wá di alágídí. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé kòkòrò ò lè mọ ọgbọ́n oògùn tuntun. Nínú iṣẹ́ 2005 yẹn náà, wọ́n rí èyí tí ToxT ẹ̀ yí padà díẹ̀, virstatin ò sì ràn án mọ́. Virstatin ò sì tíì di oògùn èèyàn.

Èyí tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn ni bezlotoxumab (orúkọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ mí léyín). Clostridioides difficile ló wà fún, kòkòrò tó sábà máa ń gbilẹ̀ nígbà tí oògùn apakòkòrò bá ti gbá àwọn bakitéríà rere lọ. Wọ́n máa ń fà á sí iṣan, á di oró kòkòrò náà mú kó má lè ṣe ìfun léṣe. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2016. Nínú ìdánwò ńlá méjì, àìsàn náà padà sára nǹkan bí èèyàn 17 nínú 100 tó gbà á, àti bíi 27 nínú 100 tí kò gbà á. Oògùn apakòkòrò ṣì ń bá a rìn ṣá. Ní oṣù kìíní 2025, Merck dáwọ́ títà á dúró. Ó ká mi lára.

Mo dá àbúrò yẹn lóhùn ṣá. Mo ní kó ra ORS, kó pò ó mọ́ omi tó mọ́, kó máa mu ún, àti pé tí ìgbẹ́ ọ̀hún bá ti ń rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì, kó sáré gba ọsibítù lọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò wá sí kápúsù kankan níbẹ̀?"